Ìdí Tí Síkírìnì Kejì Fi Máa Ń Ṣókùnkùn Kí Ó Tó Tàn

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì mọ wáyà, ohùn ẹnu ni òun àti síkírìnì fi ń pe ara wọn.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alágbèéká. Inú yàrá Anjọlá, obìnrin kan tó ń ya àwòrán ilé, ló ń gbé. Bí Anjọlá bá ti jáde láàárọ̀, ó ku òun nìkan pẹ̀lú ògiri. Àárò ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́ gan-an.

Ó bẹ Anjọlá pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi wá ẹnìkejì."

Ni Anjọlá bá gbé síkírìnì ńlá méjì wálé. Ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kọ́kọ́ wọlé, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e.

Inú Alágbèéká dùn débi pé kò béèrè ohunkóhun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Táyé. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó wá mi orí sí Kẹ́hìndé. "Àbúrò, jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán Táyé síwájú pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Alágbèéká ni kò mọ̀. Táyé mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni gbẹ́nu dákẹ́, ó ń gbádùn ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀fẹ́!

Láràárọ̀, Táyé ni Alágbèéká ń kí. Táyé ló ń gbé àwòrán tó dára fún. Kẹ́hìndé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn pajú dé, gbogbo ara rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Nígbà tí Anjọlá rí i, ó sáré sún mọ́ ọn. Ilé tó ń yà tóbi ju ohun tí síkírìnì kan lè gbà lọ.

"Kẹ́hìndé, kí ló ṣe ọ́?"

Ó pa á, ó tún tàn án. Ó nù ún, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Pàbó ni. Ó rò pé bóyá kò gbọ́ ìpè ni, ó bá fi wáyà so ó mọ́ Alágbèéká. Òkùnkùn náà ni.

Nígbà tí Anjọlá jáde, Alágbèéká rọra bi Kẹ́hìndé pé, "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Kẹ́hìndé dáhùn láti inú òkùnkùn. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé, o ò bi mí léèrè ẹni tí mo jẹ́ rí."

"Ó dáa, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni."

Ojú ti Alágbèéká. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Táyé náà bẹ̀bẹ̀. "Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ forí jì mí."

Kẹ́hìndé lajú díẹ̀díẹ̀. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ jù nínú òkùnkùn, ó ti mọ́ mi lára."

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti máa ń kọ nọ́ńbà sójú síkírìnì kọ̀ọ̀kan, kó má baà ṣi ẹnikẹ́ni mú mọ́. Láti ọjọ́ náà ni síkírìnì kejì ti máa ń ṣókùnkùn ná kí ó tó tàn, bí a tilẹ̀ so wáyà rẹ̀ dáadáa. Bí a kò bá sì tètè pè é, yóò kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń pe òun, yóò sì sùn lọ.