Ìlú Tí Ìjòyè Kún Fọ́fọ́

Kò dá Àṣàbí lójú pé òun mọ bí a ti ń ṣe àkóso ènìyàn. Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò ni ó kà ní yunifásítì, ohun tí ẹ̀kọ́ náà sì kọ́ ọ jù lọ ni iyèméjì. Síbẹ̀, òun ni ó dá eré Òkè-Ìkùukùu sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìlú àfinúrò kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọba ibẹ̀. Àwọn òṣèré méjìlá, tí olúkúlùkù wà nílé tirẹ̀, a máa pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, wọn a sì máa fi ẹnu gbé ìgbé ayé ẹlòmíràn.

Ọba ni ó ni ilẹ̀. Ó ń pín in fún àwọn ìjòyè. Àgbẹ̀ ni ó ń ro ó. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ ṣe àgbẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí a tó lè fi í joyè. Ohun tí àgbẹ̀ bá ròyìn pé òun kó lóko ni gbogbo ìlú yóò jẹ.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí Adérera, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Àṣàbí, ṣé torí kí n lè gbin ẹ̀gẹ́ ni mo ṣe ń ra dátà? Ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé wa o. Bí n kò bá joyè, ó dìgbà."

Ẹ̀rù ba Àṣàbí. Ọdún méjì ni ó fi hun ìlú náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ kí ó tú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó fi Adérera jẹ Ìyálóde. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹni mẹ́ta fajú ro. Ó fi àwọn náà joyè. Kò pẹ́ tí ìlú fi ní Balógun mẹ́rin, tí kò sì ní ọmọ ogun kan ṣoṣo.

Akínṣọlá nìkan ni kò béèrè ohunkóhun. Tíṣà ni ní Ìlá, bí ó bá sì ń ròyìn bí òjò ti rọ̀ sórí ebè rẹ̀, gbogbo wọn a dákẹ́ lọ gbári. Òun ni àgbẹ̀ kan tó kù, ìjòyè mọ́kànlá sì ń pàṣẹ fún un.

"Àgbẹ̀, wá fọ ẹsẹ̀ ẹṣin mi!" Adérera a wí. "Fọ ti ẹ̀yìn dáadáa, ibẹ̀ ló ń rùn." Àwọn yòókù a sì bú sẹ́rìn-ín.

Akínṣọlá kọ̀wé sí Àṣàbí ní ìkọ̀kọ̀: "Kábíyèsí, n kò fẹ́ oyè. Ẹ ṣáà bá mi kìlọ̀ fún wọn."

Àṣàbí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí òun bá bá wọn wí, wọ́n lè bínú lọ. Ó dáhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á díẹ̀ sí i."

Sátidé tó tẹ̀lé e, Akínṣọlá kò wọlé.

Ọjọ́ náà gan-an ni ejò abìyẹ́ tí ń tu iná lẹ́nu ya wọ ìlú nínú eré, tó sì finá sí àká oúnjẹ. Òfin wọn sì ni pé ìjòyè tó bá ru omi ti bọ́ oyè rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọba bá rù ú, ìjọba tú.

"Àká ń jó! Ta ni yóò pọnmi?" ni Àṣàbí ké.

"Mo ti pàṣẹ fún àwọn ènìyàn mi," ni Balógun kan fèsì.

"Àwọn wo?" ni Àṣàbí bi í.



"Kí èmi Ìyálóde gbé korobá rù?" ni Adérera wí. "Balógun kẹrin ni ó kéré jù, kó máa lọ."

"Ta ló kéré? Ìwọ tí o fi ẹkún gba oyè!" ni Balógun kẹrin dá a lóhùn.

Ni wọ́n bá ń jà sí ẹni tó ju ẹni lọ. Iná jẹ àká tán, ó kọjú sí ààfin. Àṣàbí wo orúkọ Akínṣọlá lójú ẹ̀rọ, kò tàn. Ó wá yé e pé kì í ṣe ejò ló dáná sun ìlú. Ojo inú òun ni.

"Èmi ọba gbé korobá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Mo ń lọ pọnmi. Eré yìí parí lónìí."

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀ wá, tí àwọn tó bá wọn ṣe eré ọ̀hún fi ń wí títí di òní pé: ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ bá ti joyè, ọba ni yóò pọnmi.