Ìdí Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Ń Yí Awùsá Lọ́wọ́ Kó Tó Jẹ Ẹ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná díẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ ó di ṣàà, ó já sétí odò ó di ṣòò. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ alárobọ̀ níbẹ̀. Ó bá Ìgbín ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá Òkété ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ó sì bá olóhùn dídùn kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni alárobọ̀ tó lókìkí jù nínú igbó. Kí ni à ń pè ní alárobọ̀? Ẹ dá mi lóhùn.

"Ẹni tó ń ra ọjà lọ́pọ̀, tó ń pín in tà!"

Ẹ ṣeun. Ọ̀kẹ́rẹ́ a ra ọjà lọ́pọ̀, a pín in wẹ́wẹ́, a tà á fún àwọn tí agbára wọn kò ká odidi. Èrè rẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ rere ló fi ń jẹun.

Ní ìgbà náà, wọn kì í jókòó ti ọjà. Ẹni tó bá ní ọjà á kó o sẹ́bàá ọ̀nà. Á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀. Iye òkúta ni iye owó. Á bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó fẹ́ rà á dé, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á ju owó sílẹ̀, á gbé ọjà lọ. Ẹni tó rà kò rí ẹni tó tà. Ẹni tó tà kò rí ẹni tó rà. Kò sì sẹ́ni tó ń jí nǹkan.

Inú èyí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dàgbà sí. Ó gbà pé ọjà tó bá ti ní òkúta níwájú, ọjà òtítọ́ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Odò kan wà nítòsí wọn tó ń jẹ́ Odò Àwòrán. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá pàtẹ sétí rẹ̀ lókè réré, àwòrán rẹ̀ á yọ lójú omi nísàlẹ̀ níbí. Ohùn ẹni náà á sì dé. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò yé ẹnì kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìyá yín wo ọjà lórí fóònù, ṣé ó yé yín?

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ọjà lójú odò, á kó owó sínú igbá. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ á ti igbá owó lọ sókè. Omi á sì gbé igbá ẹrù bọ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Ọdún kan, òjò ńlá ń bọ̀. Bí òjò yẹn bá dé, omi a bo gbogbo ọ̀nà, àwọn ẹran kéékèèké kì í lè jáde. Ohun tí wọ́n bá kó pamọ́ ni wọn yóò jẹ. Wọ́n kó owó wọn jọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ pé kó bá wọn ra oúnjẹ òjò. Òkété ló mú tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Opó ni. Ọmọ kún ihò rẹ̀ fọ́fọ́.

Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo ohun tí mo ní nìyí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ òfo, àwọn ọmọ mi kò ní la òjò yìí já."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ìyá Wẹ́wẹ́, ìgbà wo ni mo já ọ kulẹ̀ rí?"

Ó gbé irù sókè, ó kọrí sódò. Ìgbín wọ́ tẹ̀lé e.

Wọ́n wo ojú omi. Háà! Òkìtì awùsá ló yọ níbẹ̀. Ó ga bí ilé ikán. Ewé gbòòrò kan wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú rẹ̀, wọn kò pọ̀ rárá. Ohùn kan sì ń kọrin:

Omi kì í purọ́ o,
*Jàn-ìn-jàn.*
Ohun tójú rí ni tojú,
*Jàn-ìn-jàn.*
Fowó lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́,
*Jàn-ìn-jàn.*
Kí n fẹrù lé omi lórí,
*Jàn-ìn-jàn.*

Ẹ gbè é dáadáa. Orin tó dùn ni. Ìdí nìyẹn tó fi mú èèyàn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ará òkè odò! Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohùn náà ní, "Ìyá Ọlọ́jà! Òkìkí yín ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀ wò. Bí kò bá dára, ẹ má padà wá mọ́."

Ọwọ́ pupa kan yọ lójú omi, ó juwọ́ sí i.

Ìgbín ní, "Ó béèrè orúkọ, orúkọ tìrẹ ló fi dá ọ lóhùn."

"Ìgbín, ìwọ tó ń gbé ilé kiri nítorí olè!"

"Ilé tí mo gbé kiri, ta ló ti jí i rí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó yá, igbá kan bọ̀ lójú omi. Awùsá ló kún inú rẹ̀. Ó fọ́ ọ, ó jẹ ẹ́. Ó dùn! Ó bu tìgbín fún Ìgbín. Ìgbín jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ṣì wà lójú omi.

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ewé tútù ló juwọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọwọ́ pupa ti àná ńkọ́?"

"Àbúrò mi nìyẹn, Ìyá Ọlọ́jà. Ọjà ìdílé ni."

Ó fi owó tó jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Igbá ńlá bọ̀. Awùsá inú rẹ̀ dára, èènì sì tún wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "O rí i! Èènì! Olè wo ní í ṣe èènì?"

Ìgbín ní, "Apẹja náà a máa fún ẹja ní èènì. Orí ìwọ̀ ló máa ń fi í sí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò gbọ́. Ẹni tí èrè ń pa níyè, etí rẹ̀ kì í sí nílé.

Ní ìgbà kẹta, ọwọ́ dúdú bí èédú ló yọ. Ohùn náà kò kọrin mọ́. Ìkánjú ló ń ṣe.

"Ìyá Ọlọ́jà, ẹ tètè! Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kejì ti dé. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Nítorí tiyín ni mo ṣe ní kí wọ́n dúró. Ẹ wo òkúta! Mo ti kó ìdajì wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi gbogbo owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí oòrùn tó kanrí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré gbé igbá owó. Ìdajì owó! Ó ti ń rí ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa yìn ín.

Ìgbín ní, "Ọ̀rẹ́ mi, dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lókè odò. Wo igi ẹ̀yìn òkìtì yẹn, ó ń mì. Ewé orí òkìtì kò mì. Ìgbà àkọ́kọ́ kò mì. Ìgbà kejì kò mì."

"Ewé! Ewé ni wàá máa kà? Kí oòrùn tó kanrí ló wí!"

"Àwọ̀ ọwọ́ náà sì ń yí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kì í yí. Gbogbo wọn ló là sí méjì bí ẹ̀mú."

"Ìgbín, bí mo bá dúró dè ọ́, ọjà á tú kí n tó dé ibẹ̀."

Ó kó gbogbo owó sínú igbá. Owó tirẹ̀, owó ará igbó, owó Òkété. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, igbá bọ̀ lójú omi, igbá lé igbá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ṣí ọ̀kan kó fọ́ ọ wò. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kò fọ́ ẹyọ kan. Ó pín in fún wọn kánkán. Òjò ti ṣú.

Òjò ò tíì rọ̀ dáadáa tí ó fi gbọ́ igbe.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ o! Ọ̀kẹ́rẹ́!"

Òkété ni. Ó gbé awùsá mẹ́ta lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ tò lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo fún mi? Gbà á. Fọ́ ọ níṣojú mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fọ́ ọ̀kan. Amọ̀. Ó fọ́ èkejì. Amọ̀. Ó fọ́ ẹ̀kẹta. Amọ̀ náà tutù rinrin, ó ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Wọ́n ti jẹ inú awùsá, wọ́n fi amọ̀ dí i, wọ́n fi oje igi lẹ èèpo rẹ̀ pọ̀.

Irù Ọ̀kẹ́rẹ́ tó máa ń gbé sókè rọ wálẹ̀ bí okùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Màmá, ṣé amọ̀ la ó máa jẹ?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni Òkété ń wò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé etí odò. Òkìtì awùsá ṣì wà lójú omi. Òjò ń rọ̀, ewé orí rẹ̀ gbẹ.

"Ará òkè odò! Kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

Ohùn náà dáhùn wẹ́rẹ́. "Háà, Ìyá Ọlọ́jà, ẹ forí jì wá! Àwọn tó di ẹrù ló ṣì í dì. Tiyín gan-an wà nílẹ̀ níbí, òkìtì yìí ni. Ẹ fi owó díẹ̀ kún un, owó tí a ó fi di ẹrù, kí ó dé lónìí."

Ẹ gbọ́ o! Ó tún ń béèrè owó! Ẹ mọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù? Ọ̀kẹ́rẹ́ yíjú padà láti lọ ta ihò igi tó ń gbé. Ẹni tó bá ti sọ nǹkan nù máa ń rò pé díẹ̀ sí i ni yóò fi rí i.

Ìgbín ti dé. Ó wọ́ ara rẹ̀ di ọ̀nà fún un.

"Kí o tó ta ilé, béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan péré. Ní kó mú awùsá tó wà lórí, kó yí i padà kí o rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ohùn sókè. "Ará òkè odò! Ẹ mú ọ̀kan tó wà lórí. Ẹ yí i padà fún mi."

Ohùn náà dákẹ́.

"Ẹ yí i padà! Ẹyọ kan!"

"Ìyá Ọlọ́jà, ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ yí i."

Ọwọ́ oníka méjì yọ. Ó na ìka sí awùsá tó wà lórí. Ó fà á. Awùsá kò gbéra. Ó họ ọ́. Háà! Awùsá náà fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìlà pupa. Ewé orí rẹ̀ fà, ó di àbàwọ́n. Òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ sínú omi.

Kì í ṣe awùsá! Osùn àti ẹfun ni. Wọ́n kùn ún sára àpáta, wọ́n fi oje igi bò ó. Ibi tí ìka họ ni òjò gbà wọlé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó gbéra, ó ń fò láti igi dé igi, títí ó fi dé òkè odò lọ́hùn-ún. Kò bá ilé. Kò bá ìdílé. Àpáta kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, àwòrán ń ṣàn lára rẹ̀, èèpo awùsá wà nílẹ̀ káàkiri. Ó wo ọ̀tún, kò rí ẹnì kan. Ó wo òsì, kò rí ẹnì kan. Ó wo àpáta.

Àpáta ṣẹ́jú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ta gìrì. Ojú kan ló ń wò ó lára òkúta. Èkejì ń wo ẹ̀yìn. Alágẹmọ ni! Òun ni ọwọ́ pupa. Òun ni ọwọ́ ewé. Òun ni ọwọ́ dúdú. Òun nìkan ni gbogbo ìdílé yẹn. Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó na ọwọ́, Alágẹmọ ti bọ́ sínú igbó, ó ti di ewé láàárín ewé. Owó náà kò padà wá. Títí di òní, kò padà wá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà sílé, ó kúnlẹ̀ fún Òkété nínú ẹrẹ̀.

Òkété ní, "Dìde. Ìkúnlẹ̀ kì í bọ́ ọmọ yó."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde. Gbogbo ìgbà òjò yẹn, ó ń fò lórí igi, ó ń ká èso igbó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e wá fún àwọn ọmọ Òkété kó tó jẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ọ̀kan fún wọn, á yí i lọ́wọ́. Á wo orí rẹ̀, á wo ìdí rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi eyín họ ọ́. Nígbà tí Òkété bá ń wò ó, á tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ náà la òjò já. Wọ́n rù, ṣùgbọ́n wọ́n là á já.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń di èso mú lọ́wọ́ méjèèjì títí di òní, tó ń yí i, tó ń yí i, kó tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kó gbogbo oúnjẹ rẹ̀ sínú ihò kan ṣoṣo. Á ri ọ̀kan síbí, á ri ọ̀kan sọ́hùn-ún. Alágẹmọ ńkọ́? Ẹ wo ìrìn rẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀, á mì, á tún fà á sẹ́yìn. Ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́yìn. Ẹni tó jẹ gbèsè gbogbo igbó kò lè rin ìrìn akin.

Ẹ wí fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ń rajà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀: àwòrán kì í ṣe ọjà. Kí wọ́n ní kó yí i padà.

Àlọ́ mi rèé. Bó bá jẹ́ amọ̀ ni mo fi dí i nínú, ẹ dà á sí mi lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ awùsá tòótọ́, kó dún lẹ́nu mi bí ẹni fọ́ èèpo:

Kà! Kà! Kà!