Àlàfo Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tó mọ èdè kan tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èdè náà kì í mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá to ẹgbẹ̀ta orúkọ síwájú rẹ̀, yóò gbá gbogbo wọn mú lẹ́ẹ̀kan náà, àṣẹ tí o bá sì pa, gbogbo wọn ni yóò bá.

Àwọn ará ilé rẹ̀ fi ìwé orúkọ ẹbí lé e lọ́wọ́, nítorí ikán ti ń jẹ ẹ́ lọ. Ìyá àgbà kan ló kọ ọ́. Orúkọ ọmọ ló ń kọ́kọ́ kọ, kó tó kọ ti ìyá tó bí i, torí ilé olórogún ni, orúkọ kan náà sì lè wà lára ọmọ mẹ́ta. Bí ọmọ náà bá jẹ́ àkọ́bí, àyè tó tó ìka mẹ́ta ni ìyá àgbà máa ń fi sílẹ̀ láàárín orúkọ méjèèjì. Ọ̀wọ̀ ni. Ọkùnrin yìí da gbogbo rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà, àlàfo fún àlàfo. Kò pẹ́ tí ikán fi jẹ ìwé náà tán.

Obìnrin kan wá láti òkè òkun. Ó gbé irun àti èékánná ìyá rẹ̀ tó kú dání, ó fẹ́ sin ín sílé. Baálé ní òun kò ní gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lákọsílẹ̀. Wọ́n tẹ "Àbẹ̀ní Fátóún" sí kọ̀ǹpútà. Kò rí i.

"Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́," ni ìyá àgbà wí.

"Ìyá, mo gbà yín gbọ́," ni baálé wí, "ṣùgbọ́n ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i."

Ọkùnrin náà rí i pé àlàfo ti pọ̀ jù láàárín orúkọ méjèèjì, torí àkọ́bí Fátóún ni Àbẹ̀ní. Inú bí i, ó pàṣẹ kí gbogbo àlàfo kúrò. Wọ́n kúrò lóòótọ́. Wọ́n tún tẹ orúkọ náà, kò tún rí i. Baálé yọjú wo ohun tó kù.

"Àbẹ̀níFátóún," ló kà. "Ènìyàn lèyí, àbí oògùn ikọ́?"

Obìnrin náà ti ń di ẹrù rẹ̀. Ìyá àgbà fa aṣọ rẹ̀, ó ní kó jókòó. Ó wá kọjú sí ọkùnrin náà.

"O ti so ìyá mọ́ ọmọ. Dá àlàfo kan padà fún wọn."

"Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Ọ̀kan tó fún ọ̀wọ̀."

Ó ṣí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó fi pamọ́. Ó kọ àṣẹ mìíràn tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ní kí àlàfo kọ̀ọ̀kan wo ẹ̀yìn ara rẹ̀: èyí tó bá rí àlàfo mìíràn níbẹ̀ kó dìde kúrò, èyí tó bá rí lẹ́tà kó jókòó, èyí tó bá sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin ìlà kó máa lọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kí ojú tó ṣẹ́, ẹgbẹ̀ta orúkọ ti rọra sún mọ́ ara wọn, ìyá àti ọmọ, ìyá àti ọmọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ òkú, ó sì yọ. Baálé ṣí fìlà, ó lọ mú ọkọ́ fúnra rẹ̀.

Fọlárìn, torí rẹ ni mo ṣe pa ìtàn yìí. Ọdún mẹ́ta lo fi bá àwọn àbúrò rẹ gbé nínú yàrá kan, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara yín. Nísinsìnyí o ti kó lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, o ní ọ̀wọ̀ lò ń wá. Ọmọ mi, padà wá. Kọ́ ilé rẹ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, kí o fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, kí wọ́n lè rí ọ.