Ìdí Tí Apá Adìyẹ Kò Fi Gbé E Ròkè Mọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí adìyẹ ṣì ń fò kọjá orí ìrókò, àwọn ẹyẹ kò ní olùṣọ́. Ejò ń jẹ ẹyin wọn bó ṣe wù ú. Ni wọ́n bá ní àwọn yóò yan ẹnìkan. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan yóò fa ìyẹ́ kan láti àyà rẹ̀, yóò fi í síwájú ẹni tó wù ú.

Àwọn méjì ló jáde: Àgùfọn ọlọ́rùn gígùn, àti Àṣá. Àgùfọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló pa ejò tó wọ ìtẹ́ Adìyẹ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Àṣá ní tirẹ̀ ń gbé ẹyìn pípọ́n lọ fún Odídẹrẹ́, ẹni tó ń kéde ìròyìn fún gbogbo ẹyẹ láràárọ̀.

"Àṣá olójú iná!" ni Odídẹrẹ́ ń ké. "Àṣá apejò-má-wẹ̀yìn! Àṣá, ààbò ọmọ yín!"

Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má sọ ọ́. Kò dárúkọ Àgùfọn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, orúkọ Àṣá ni Adìyẹ fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Àparò, aládùúgbò rẹ̀, bi í pé, "Ìyá ọlọ́mọ, ṣé ẹ ti rí i kí Àṣá pa ejò rí?"

"Mi ò rí i, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń sọ ọ́."

"Gbogbo ayé kẹ̀? Ẹnu Odídẹrẹ́ nìkan lèmi ti ń gbọ́ ọ. Ẹnu dùn ròfọ́ o! Àgùfọn tó gbà yín lọ́wọ́ ejò ńkọ́?"

"Àgùfọn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá tó ẹni tí à ń yàn, ṣé a ò ní máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni?"

Àparò mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọn yóò yan olùṣọ́ pé. Àwọn yòókù fa ìyẹ́ àyà. Adìyẹ ní ìyẹ́ àyà kéré jù fún irú akọni bẹ́ẹ̀. Ó fa àwọn ìyẹ́ gígùn tó fi ń fò, ó kó gbogbo rẹ̀ síwájú Àṣá. Àṣá ló wọlé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Àṣá já wá láti òkè, ó gbé ọmọ Adìyẹ kan. Adìyẹ na apá, ó fò, ó já lulẹ̀. Ó tún fò, ilẹ̀ náà ló tún bá. Ọmọ rẹ̀ ń ké "Ìyá mi!" lókè lọ́hùn-ún títí wọn ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó mà ṣe o!

Ó sunkún dé abẹ́ igi Odídẹrẹ́. "Ìwọ tó o ní Àṣá ni ààbò ọmọ wa, ṣé o tiẹ̀ rí i kó pa ejò rí?"

"Èmi?" ni Odídẹrẹ́ wí. "Ohun tí wọ́n bá sọ sí mi létí ni mo ń sọ." Ó sì ń jẹ ẹyìn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni apá adìyẹ kò ti gbé e ju orí ọgbà lọ, tó sì ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi ojú kan ṣọ́ òkè. Bí àṣá bá sì gbé ọmọ rẹ̀, ariwo nìkan ló kù tó lè pa.