Ẹrù Tí Olóyè Ògúnṣakin Kò Lè Dì
Ọ̀rọ̀ tí Àyọ̀ká ìyàwó mi sọ kẹ́yìn ni pé, "Bàbá Ìyùnadé, ẹ má kó kúrò nílé yìí o." Òun ni akọ̀wé owó orí ìlú wa nígbà tí Kábíyèsí bu owó afárá lé àwọn olówó, tí Olóyè Ògúnṣakin sì búra pé òun yóò kó lọ sí ìlú mìíràn. Kábíyèsí ní, "Àyọ̀ká, gba owó náà, má sì jẹ́ kó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó lébìrà mẹ́ta dé ilé Olóyè pẹ̀lú ṣọ́bìrì. "A wá bá yín di ẹrù, Olóyè." Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ṣọ́bìrì lẹ fi ń di ẹrù nílé tiyín?" Àyọ̀ká ní, "Bàbá tó bí yín la fẹ́ kọ́kọ́ hú nínú pálọ̀ yìí. Àbí kí bàbá yín dúró síbẹ̀ de Láòyè ọ̀tá yín tí ẹ kì í bá sọ̀rọ̀? Ó ní bí òun bá ra ilé yìí, ewúrẹ́ lòun á so síbẹ̀." Olóyè wo ilẹ̀ pálọ̀ títí, ó sì san gbogbo owó náà kí oòrùn tó mú. Orí afárá yẹn la ń gbà dòní. Pálọ̀ wa ni Àyọ̀ká náà sùn sí báyìí. N kò tíì rẹ́ sìmẹ́ńtì sójú oórì rẹ̀, n kò tíì pín aṣọ rẹ̀, n kò sì tíì fèsì fún Ìyùnadé tó ní kí n kó wá sọ́dọ̀ òun.