Lágídígbà Lámbẹ̀

Láyé ìgbà tí obìnrin kì í gbà pé òun ti múra tán bí lágídígbà kò bá sí ní ìdí òun, ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdóọ̀pẹ tó ń jẹ́ Lámbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn. Èésan èkùrọ́ ló fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Yóò lu wọ́n níhò, yóò lọ̀ wọ́n lórí òkúta, yóò sì fi àdín pa wọ́n títí wọn yóò fi dúdú, tí wọn yóò máa dán. Ó fẹ́ràn Ayọ̀ká débi pé bí wọ́n bá dárúkọ ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń jẹun, òkèlè a há a lọ́fun.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ tọrọ Ayọ̀ká, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnṣínà ló bá níjokòó, òun náà wá tọrọ rẹ̀. Àyà Lámbẹ̀ já. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan, ó ti ń sọ pé lágídígbà tí òun yóò gbé wá kì í ṣe ti èésan tí gbogbo ayé ń so, pé ìwo ẹfọ̀n tí òun fọwọ́ ara òun pa ni. Lámbẹ̀ tí ewúrẹ́ kàn lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ pé orí àjà ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ sọ̀kalẹ̀! Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé gbà á gbọ́, Ògúnṣínà sì bá tirẹ̀ lọ.

Àṣà ilé náà ni pé ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀ ni yóò yẹ ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó wò níṣojú ẹbí, nítorí ohun dúdú pọ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Yóò gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: òkúta a máa tutù. Lẹ́yìn náà yóò fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án: ìwo a máa rùn bí irun tó jóná, èésan a sì máa rùn bí ilé alágbẹ̀dẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi èésan dáná. Lámbẹ̀ mọ gbogbo èyí. Ó bá fá irun ọrùn àgbò, ó wé e sínú ewé, ó fi í sápò ẹ̀wù, pé bí abẹ́rẹ́ bá ti kan ìlẹ̀kẹ̀ ni òun yóò rọra jù ú sínú iná.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá àgbà gbé ìlẹ̀kẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní òkúta kọ́. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yinná tó wà nínú àpáàdì. Lámbẹ̀ sún mọ́ iná, ó ní òtútù ń mú òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni, òógùn sì ń já bọ́ ní imú rẹ̀. Ó ti mú irun náà dání. Ìyá àgbà yọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kí ó tó fi kan ìlẹ̀kẹ̀, ó ní kí Lámbẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún àwọn bí ìwo ẹfọ̀n náà ṣe gùn tó.

Lámbẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì gbayawu. Ewé náà fò bọ́ sínú iná, òórùn irun sì gba gbogbo ilé. Ó sáré ṣí fìlà, ó fi dé àpáàdì, ṣùgbọ́n èéfín gba àárín fìlà jáde.

Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo itan rẹ̀. “Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lórí itan mi. Kí ló wá ń jó?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Ayọ̀ká. Ojú ti Lámbẹ̀ débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, yóò kó sí i.

“Èésan ni ìyá mi so, èésan ni ìyá wọn náà so,” ni Ayọ̀ká wí. “Ta ló bi yín léèrè ìwo?”

“Ẹ̀rù ló bà mí,” ni Lámbẹ̀ dáhùn. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ nínú ilé náà nìyẹn.

Ayọ̀ká kó ìlẹ̀kẹ̀ padà sínú igbá tí wọ́n fi gbé e wá, ó ní kí Lámbẹ̀ padà wá lẹ́yìn ìkórè, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹfọ̀n sílẹ̀ nínú igbó. Lámbẹ̀ dé fìlà rẹ̀, ó kọrí sílé. Èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, kí ó sì tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń wí, tí àwa náà ń bá wọn wí i, pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.