Ìgbésẹ̀ Màmá Fadérera

“Báwo ni ẹni tó ń rìn tó báyìí ṣe máa ní ṣúgà tó báyìí lára?”

Dókítà Ṣówándé ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú wa, Òkè-Ìrọ̀sùn. Inú ìbéèrè yẹn ni òwe kan ti jáde, èyí tí tọmọdé-tàgbà ń pa láàárín wa báyìí: Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kì í gba ìlera fúnni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Òwe náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ mi débi pé n kò lè jókòó sọ ọ́.

Ilé ìwòsàn fún àwọn àgbàlagbà méjìlá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní aago ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Aago yìí kì í sọ àkókò nìkan. Ó ń ka ìgbésẹ̀ ẹni tó bá so ó mọ́wọ́, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà dókítà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgbésẹ̀ ni dókítà ní kí oníkálukú máa rìn lójúmọ́.

Màmá Fadérera ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó mú, kọ̀ǹpútà á ti kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ síwájú orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ń gòkè. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ aṣọ rírán ló fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Dókítà ti fi oògùn kún oògùn. Ó ti kìlọ̀ pé bí ṣúgà náà kò bá wálẹ̀, ojú Màmá lè fọ́ pátápátá. Àyẹ̀wò ọjọ́ tí mo ń wí yìí tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àrínọlá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tó rí mú un dìde lórí àga. Àgbàlagbà márùn-ún nínú àwọn méjìlá, tí ilé wọn jìnnà síra, ń gbéra ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n ń dúró ní ìṣẹ́jú kan náà, ìgbésẹ̀ ọ̀kan kò sì fi mẹ́wàá ju ti èkejì lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Dókítà ní ẹ̀rọ kì í bàjẹ́ létòlétò báyẹn. Wọ́n bi Màmá léèrè bóyá lóòótọ́ ló ń rìn. Màmá ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún òun ní aago, kò sí ọjọ́ tí aago náà kò yí ìlú ká.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnìkan fi yára gba iwájú fèrèsé kọjá, tó juwọ́ sí dókítà bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Gbádébọ̀ ni, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mítà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń ka mítà iná mànàmáná. Nígbà tí mítà tuntun dé, tó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní kí Gbádébọ̀ máa lọ sílé. Ó jókòó, ó sanra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Oṣù mẹ́rin ni dókítà ti ń juwọ́ padà sí i. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ náà. Aago márùn-ún ló tò sí i láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá.

Ó pè é wọlé. “Bọ̀dá Mítà, aago ta ni wọ̀nyí?”

“Ti Màmá nìyí, Dókítà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátá.” Ó dárúkọ àwọn mẹ́rin yòókù. Ó ní ilé kan ń fún òun ní ẹ̀kọ, òmíràn ń fún òun ní iṣu. “Mítà lé mi lẹ́nu iṣẹ́, aago gbà mí padà.”

Ojú kò ti Màmá rárá. “Ẹ ní kí n rìn, mo rán an. Láti ìgbà wo ni àgbà ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó rí ẹni rán?”

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó ní kí Mítà jókòó, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ tó ru ti wálẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Okùn ló fi so ṣòkòtò tó há a mọ́ra lọ́dún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ka gbogbo rẹ̀ sókè, Màmá sì ń wo Mítà láti òkè délẹ̀.

“Mítà, ìlera mi ló wà lára rẹ yẹn.”

“Ẹ má bínú, Màmá. N kò mọ̀ pé mo gbé e.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Màmá ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ọrùn ọwọ́ náà ṣófo pátápátá. “Ó yé mi wàyí,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kì í gba ìlera fúnni. Tú aago mi sílẹ̀.”

Láti ọjọ́ kejì ni Mítà ti ń ṣáájú, tí àgbàlagbà márùn-ún ń tẹ̀ lé e, aago oníkálukú wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ Mítà kò sì yẹ̀. Nígbà tí ṣúgà Màmá wálẹ̀, ojú rẹ̀ kò burú sí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tó jẹ́ ti ara rẹ̀ rán ẹlòmíràn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe ìdánwò, tàbí ọkọ tó rán ọ̀rẹ́ lọ tu ìyàwó rẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ la lè fi rán ọmọ. Bó bá di ti ara ẹni, àgbà á so aago rẹ̀ mọ́wọ́, á dìde.